Irin Ìdí Ọkọ̀ Tí Mo Gbé Lọ sí Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀yin ará Ẹ̀rúwà, mo lọ, mo bọ̀, ojú mi méjèèjì ṣì wà níbi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí. Mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ báyẹn, nítorí pé nígbà tí mo ń lọ, àwọn kan nínú yín ń bá mi dárò bí ẹni tó ń sìnkú. Wọ́n ní olè Ajégúnlẹ̀ a máa bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń rìn. Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń sè jẹ níbẹ̀. N kò rí ọ̀pọ̀lọ́ nínú ìkòkò ẹnikẹ́ni. Ẹ̀fọn ni mo rí, òun ló sì jẹ mí, èmi kò jẹ ẹ́.

Kí n tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dìde, fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí nílé nígbà náà.

Ọkọ mi, Bàbá Kíkẹ́, ló ni ẹ̀rọ ìlọta tó máa ń ná ọjà kiri. Orí kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì ni ẹ̀rọ náà wà, Lándírófà wa ló sì ń fà á: òní Lánlátẹ̀, ọ̀la Ìgbóọrà. Irin kan tó nípọn wà ní ìdí ọkọ̀ náà, orí rẹ̀ rí roboto bí agbálùmọ̀. Orí yìí ni a máa ń fi ẹnu kẹ̀kẹ́ dé kí ọkọ̀ tó fà á lọ. Irin ìdí ni mo máa ń pè é, ọkọ mi kì í sì fẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀ níwájú àlejò. Oorun ọkùnrin náà pọ̀. Bí a bá ti jáde nílùú tán, á sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, á ní kí n gba sítíárì, á sì máa hanrun títí a ó fi gbúròó ọjà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ọkọ̀ wà.

Ó kú ní ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Kò pẹ́ rárá tí ẹ́ńjìnnì Lándírófà náà fi kú tẹ̀lé e, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ti jọ mulẹ̀. Ẹ̀rọ dúró, ebi kò dúró. Mo ní ọmọbìnrin mẹ́ta tí ẹnu wọn mú ju ti bàbá wọn lọ.

Mo ṣe opó tán, ẹbí bá pé jọ láti pín ogún. Wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín ìbọn, wọ́n wá kan èmi. Àṣà wa ni pé ọkùnrin ẹbí tó bá fẹ́ ṣú opó á fi fìlà rẹ̀ lélẹ̀, opó á sì mú ọ̀kan. Àwọn fìlà tí mo rí lórí ẹní lọ́jọ́ náà, ẹ dákun, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ̀rọ̀ òórùn. N kò mú ọ̀kankan. Ìgbà náà ni Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wa, wúkọ́, ó ní àbúrò olóògbé tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà ní Ajégúnlẹ̀, kò wá, kò sì fi fìlà ránṣẹ́.

“Irin nirin ń jẹ́,” Bàbá Àgbà wí. “Ọkọ̀ náà, ọkọ̀ ló ń jẹ́. Ẹ tú irin yẹn nídìí òkú ọkọ̀, kí ìyàwó gbé e lọ bá a, kó dípò fìlà. Ẹni tó bá kan irin yẹn mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀, òun ló ṣú u, òun ló sì ni ẹ̀rọ. Bí kò bá sí ẹni tó kàn án, ẹ̀rọ di ti ẹbí.”

“Lándírófà ńkọ́, Bàbá?” mo bèèrè.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. “Ìyẹn tìẹ ni, ìyàwó. Máa fi ṣe ilé adìẹ.”

Òótọ́ ni pé adìẹ mi kan ti ń yé sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Ìyá Àgbà, aya Bàbá Àgbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣú òun lópó nínú agboolé yẹn. Bàbá Àgbà ni ọkọ rẹ̀ kẹta. Òun ló bá mi fi ògbólógbòó ìró di irin náà. Ó gbé e wò lọ́wọ́.

“Ó wúwo o, ọmọ mi,” ó wí.

Nínú rélùwéè

Ní Láfẹ́nwá ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin. N kò ní fi ìrìn náà dá yín lágara: ooru ni, èéfín ni, àti ọmọ ẹlòmíràn tó tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo gbé irin mi sí itan bí ìkókó. Ọkùnrin kan tó jókòó dojú kọ mí wo ìdì náà títí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ gbé yẹn?”

“Ọkọ mi ni.”

Ó wo bí ìdì náà ṣe gùn tó. Ó dìde, ó lọ wá ibòmíràn jókòó sí, èmi sì rí àyè na ẹsẹ̀ mi dé Ìddó.

Mo kúnlẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀

Àpápá ni mo kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí omi rí, ṣùgbọ́n n kò rí ilé alájà tó ń léfòó rí. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ni. Ní ìhà ibi tí àwọn òyìnbó ń gbé, ńṣe ni wọ́n ń fá koríko bí ẹni fá orí, kò sì sí ewúrẹ́ kan ṣoṣo tí yóò jẹ ẹ́. Rìn síwájú díẹ̀, koríko tán, o dé Malu Road. Màálù gidi ló ń rìn lójú títì níbẹ̀, àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ń bú wọn tìyá tìyá, àwọn màálù náà kò sì kánjú. Láti ibẹ̀ ni mo gba orí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà wọ Ajégúnlẹ̀.

Ilé fẹ̀gbẹ́ kan ilé níbẹ̀ débi pé bí ẹnìkan bá sín, ará ilé kejì ni yóò kí i. Èdè tí mo gbọ́ láàárín ẹnu ọ̀nà méjì, n kò lè kà á. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí àpótí, mo sì kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ìyá náà wo ilẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tú iyanrìn níwájú mi, ó ń bi mí pé, “Wetin loss? Wetin loss?” Ó rò pé nǹkan mi ló bọ́ sílẹ̀. Ojú tì mí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: nílé wa níbí, ta ló tíì bá mi wá ohun tí n kò sọ nù rí?

Ìyọnu tó kàn ni ti orúkọ. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Akọ̀wé ni mo sọ àbúrò ọkọ mi ní ọjọ́ tí mo wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni nígbà náà, tó ṣì ń tọ̀ sílé, èmi sì ni mo ń fọ ìdí rẹ̀. Mo bá ń bèèrè Akọ̀wé kiri Ajégúnlẹ̀. Wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìjọ, wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ilé-ẹjọ́. Àwọn méjèèjì fún mi lómi mu, wọ́n sì kẹ́dùn pé kì í ṣe àwọn ni. Ìgbà tí mo ṣàpèjúwe ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ̀ àti ọkọ̀ ẹrù tó ń wà ní Creek Road ni ẹnìkan tó pariwo pé òun mọ̀ ọ́n.

Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ kí mi. Bó ṣe gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìdì náà. Ìròyìn ti ṣáájú mi dé.

“Ẹ káàbọ̀, Ìyá Kíkẹ́,” ó wí. “Onílé mi nìyí o. Mama Ejiro.”

Obìnrin tó ń pè ní onílé náà sanra díẹ̀, ó dúdú, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ará Ùròbò ni. Ó fa etí ìró rẹ̀, ó fi nu òógùn lọ́rùn Akọ̀wé. Mo ti gbé ilé onílé rí ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí mo gbé ilé rẹ̀ kò nu òógùn mi lọ́jọ́ kan. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kékeré kan sáré jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó sì fi iwájú orí ọkọ mi wò mí. Iwájú orí Bàbá Kíkẹ́ gan-an, tó yọ síta bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò tì tán. Inú mi bàjẹ́, inú mi dùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé ọmọ náà mọ́ra títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ohun tí à ń fi le aṣọ

Mama Ejiro ní òun ti se sítáàṣì sílẹ̀ fún mi. Mo ní ó ṣeun, aṣọ mi kò tíì nílò rẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Na chop, sister! Oúnjẹ ni!” Lóòótọ́, ohun tí à ń po fi le aṣọ níhìn-ín ni wọ́n ń rò bí ẹ̀bà níbẹ̀, wọ́n á fi epo díẹ̀ sí i títí yóò fi pọ́n. Mo bù ú, ó ń fà tẹ̀lé mi. Mo gbé e mì, apá kan rẹ̀ ṣì di àwo mú. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n fi tì í, pẹ̀lú ẹja àrọ̀ gbígbẹ àti ewé kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, mo ní kí wọ́n tún bù ú wá fún mi. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àwọn ará ibẹ̀ kò mọ ọbẹ̀ sè, ẹ bi í bóyá ó dé ibẹ̀.

Nígbà tí Akọ̀wé lọ pọnmi, obìnrin náà sún mọ́ mi. Ó ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ èdè àdúgbò.

“Sister, abẹ́g. Irin yìí, kí ni for?”

N kò lè purọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọbẹ̀ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: fìlà, ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà. Ó dáwọ́ àwo tó ń fọ̀ dúró.

“So if e fit, you go carry Papa Ejiro go.” Akọ̀wé ló ń pè ní Papa Ejiro, orúkọ ọmọ wọn.

“Bí kò bá sì bá a mu,” mo wí, “wọ́n á gba ẹ̀rọ mi.”

Àwa méjèèjì wo irin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nínú ìró Ìyá Àgbà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà. Ó dìde, mo rò pé yóò lé mi jáde. Ó tún ẹja kan bù sínú àwo mi, ó sì padà lọ fọ àwo.

Wẹ́dà Malu Road

Ọkọ̀ Akọ̀wé kéré, ó ń wọ́ mọ́lẹ̀ bí ìjàpá. Mo wò ó, mo wo irin, mo ní, “Akọ̀wé, ọkọ mi, ṣé ẹ rò pé èyí á gbé e?”

“Mi ò rò bẹ́ẹ̀,” ó wí. “Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀ láì gbìyànjú, wọ́n á ní mo kọ òkú ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Kàmórù ni wẹ́dà, ajórin tí a bá ní Malu Road, ń jẹ́, ó dá ara rẹ̀ lójú ju alùfáà lọ. Ó gbé irin náà sókè, ó fi ìka gbá a, ó sì sọ ohun tí Bàbá Àgbà sọ gẹ́lẹ́: “Irin nirin ń jẹ́, mà.” Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní ihò tó wà lára irin kò bá ibikíbi mu lábẹ́ ọkọ̀ yìí, ó ní Lándírófà ní egungun ẹ̀yìn tó nípọn, pé páànù lásán ló wà ní ìdí eléyìí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí. Kàmórù na ọwọ́ mú iná.

“Màá gé irin yìí kúrú, mà, màá jó o mọ́ páànù. Kò ní já láéláé.”

Mo jókòó lé irin náà. “Ẹ gé ọkọ̀ tí ẹ bá fẹ́,” mo wí. “Ẹ ò ní gé irin ọkọ mi.”

Ó bú mi nínú, mo gbọ́ ọ. Ó wá wá irin pẹlẹbẹ mìíràn, ó jó o mọ́ ìdí ọkọ̀, ó sì fi bóòtù so tèmi mọ́ ọn. Èrò ti pé lé wa lórí. Ẹnìkan yá wa ní kẹ̀kẹ́ tó fi ń kó sìmẹ́ńtì, a fi ẹnu rẹ̀ dé orí irin, ó sì wọlé wọ̀ọ́. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Orí irin náà bá kẹ̀kẹ́ àjèjì mu bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà. Mama Ejiro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó di ọwọ́ mi mú títí ó fi ń dùn mí.

Akọ̀wé ṣáná, ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ kò lọ. Irin mi, irin pẹlẹbẹ Kàmórù, báńpà àti odindi páànù ẹ̀yìn dúró ti kẹ̀kẹ́ sìmẹ́ńtì, Akọ̀wé sì ń wa ìyókù lọ kọjá lọ́dọ̀ àwọn màálù, kò mọ̀. Táyà àfidípò yí tẹ̀lé e díẹ̀, ó ṣubú sí kòtò. Gbogbo Malu Road pariwo. Mama Ejiro ń jó yípo, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní èdè tirẹ̀. Ó yíjú pé kó bá mi jó, ó bá mi nílẹ̀, mo ń sunkún.

Ó jókòó tì mí nínú eruku. “Why you dey cry? You want am?”

“Ta ló fẹ́ ẹ? Ẹni tí mo fọ ìdí rẹ̀!” Mo nu ojú. “Ẹ̀rọ mi ni mo ń sunkún. Kí ni kí n fi bọ́ ọmọ?”

Ó ń wo irin náà, ó ń wo bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣe wà pé pérépéré, tí ohunkóhun kò ṣe é. Nígbà tí Akọ̀wé rìn padà dé pẹ̀lú ọwọ́ lórí ni obìnrin náà bá sọ̀rọ̀.

“Papa Ejiro. Dat Land Rover wey dey una yard. Wey dem jam for yansh.”

Oúnjẹ ló máa ń tà ní yáàdì Creek Road tí Akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tó wà níbẹ̀ tí kò mọ̀. Lándírófà kan wà ní kọ̀rọ̀ yáàdì náà. Awakọ̀ kan tó gbàgbé pé ọwọ́ òsì ti di ọwọ́ ọ̀tún ló kọ lù ú láti ẹ̀yìn, ìdí rẹ̀ rún wómúwómú. Nǹkan kan kò ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọ̀gá yáàdì ti ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n bá òun gbé e kúrò níbẹ̀.

Èmi àti Akọ̀wé wo ara wa. Tiwọn, orí ló yè. Tiwa nílé, ìdí ló yè.

“Kì í ṣe irin là bá máa gbé kiri,” Akọ̀wé wí, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni ń jí lójú oorun. “Ẹsẹ̀ irin yìí kò bá ọkọ̀ kankan mu àfi irú èyí tí wọ́n ṣe é fún. Ẹ́ńjìnnì ló yẹ ká gbé wá bá a.”

Mo ronú kan ilé adìẹ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lójú títì.

Nílé

Inú ọkọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ wá kó ẹ̀gẹ́ la jọ wá: èmi, Akọ̀wé, Mama Ejiro, Ejiro, irin mi àti ẹ́ńjìnnì tí ọ̀gá yáàdì yọ̀ǹda fún wa. Mo ti kọ́ Mama Ejiro ní ìkúnlẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó dé iwájú Ìyá Àgbà, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń wo ilẹ̀ káàkiri bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọ nù. Ìyá Àgbà kò bìkítà. Ó ti rí iwájú orí ọmọ náà, ó ti gbé e.

Akọ̀wé àti mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ ọjà ló gbé ẹ́ńjìnnì sínú Lándírófà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan irin ìdí, mo ní kí gbogbo ọkùnrin sún sẹ́yìn. Akọ̀wé kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, ó lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Èmi ni mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Ihò bá ihò mu bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo fi sípánà dè é, mo fi gbogbo agbára mi dè é, girísì sì ba búbà mi jẹ́ títí dòní.

Bàbá Àgbà pe ẹbí jọ. Ó jókòó sórí ẹní, ó wo Akọ̀wé.

“Irin náà dà? Ìdí ọkọ̀ rẹ ló wà?”

Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Rárá o, Bàbá. A gbìyànjú ẹ̀. Ìdí ọkọ̀ mi ló ya.”

“Ìdí ọkọ̀ ta ló wá wà?”

“Ẹ jẹ́ ká jáde, Bàbá,” mo wí.

Wọ́n jáde. Mo wọ Lándírófà, mo ṣáná sí i. Adìẹ mi fò gba fèrèsé jáde, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí ilé rẹ̀ gbé. Ọkọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dáhùn. Ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu kẹ̀kẹ́ wà lórí irin.

“Ta ló kàn án?” Bàbá Àgbà bèèrè.

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ta ló ni ọkọ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ fún mi níwájú gbogbo ẹbí, kí n máa fi ṣe ilé adìẹ. Ẹ sì ní ẹni tó bá kan irin yìí mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ló ṣú mi, òun ló ni ẹ̀rọ.” Mo nawọ́ sí irin náà. “Mo ti ṣú ara mi, Bàbá.”

Bàbá Àgbà la ẹnu, ó pa á dé. Ẹ bá mi kí i: àgbà tí kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ni. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó bi mí bóyá ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, nítorí èlùbọ́ ti tán nílé òun.

Àwọn yòókù ti ń wọlé lọ nígbà tí Ìyá Àgbà yọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí irin náà, níbi tí ó ti fi ìró dì í ní ọjọ́sí. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ.

“Ṣé a lè ṣe bẹ́ẹ̀?” ó bi mí.

“A ti ṣe é, Ìyá.”

Ó mi orí.

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi,” ó wí, “nígbà tèmi.”